Ojú Ìwé Kẹta Nínú Létà Bọ̀dé

Ẹ ké Halelúyà! Ẹ ké e kó dé Ayétòrò! Ẹ tún un ké, kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lójú omi gbọ́ pé inú wa ń dùn ní Zion Pepe lónìí! Ọlọ́run tó bá mi la òkun kọjá ní àlọ, tó tún bá mi là á ní àbọ̀, ìwọ nìkan ni ọpẹ́ yẹ. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Bí mo bá ní ẹgbẹ̀rún ẹnu, kò ní tó.

Ẹ̀yin Alàgbà, ẹ̀yin ìyá nínú ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín. Èmi ni Ọmọ́wọlé, tí ẹ ń pè ní Tísà. Ẹ mọ̀ pé oṣù tó kọjá ni mo ti ilẹ̀ Íńdíà dé, tí mo gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ẹ ti rò pé ìdí nìyẹn tí mo fi dìde. Mo rí àwọn kan tó ti gbé ọwọ́ sókè tí wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀ ná. Ẹ̀rí mi kì í ṣe ẹ̀rí oyè. Ẹ̀rí owú ni. Olúwa yọ mí lọ́wọ́ owú jíjẹ, n ò sì fẹ́ parọ́ nínú ilé rẹ̀: kò tíì yọ mí tán. Èyí tó kù, ojú yín ni a ó ti ṣe é kí n tó jókòó.

Kò sí ẹni tí kò mọ Bọ̀dé níbí. Ìyá rẹ̀ nìyí lórí bẹ́ǹṣì iwájú, tó fi gèlè funfun wérí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú èmi àti Bọ̀dé lọ sílé ìwé. Ọkọ̀ kan náà là ń wà lọ, bí òun bá di àjẹ̀ mú ní àlọ, èmi á dì í mú ní àbọ̀. Tí wọ́n bá pe èsì ìdánwò, èmi ni ipò kìíní, òun ni ipò kẹta. Lọ́dọọdún! A jọ dé Ìbàdàn, a jọ gba oyè àkọ́kọ́, mo tún fi díẹ̀ ṣáájú rẹ̀. A jọ padà wálé, a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Ó rọrùn láti fẹ́ràn ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn.

Ìgbà tó yá, àwọn ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dá ilé ìwé gíráámà sílẹ̀ fún gbogbo etíkun wa sọ pé ẹni tó bá gba oyè kejì láti ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn máa fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ rántí bí ìlú ṣe péjọ. Ẹ ní ẹ ó dáwó rán ẹnì kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kan ṣoṣo. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo sọ fún Mojí ìyàwó mi pé kó wá àpótí mi jáde, kó sá a sóòrùn.

Bọ̀dé ni ẹ mú.

Àwọn àgbà ní òkun ló gbé bàbá rẹ̀ lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, pé ìlú sì ti sọ níjọ́ náà pé ìlú ni yóò jẹ́ bàbá fún un. Ará mi, mo bínú sí òkú! Mo bínú sí ẹni tó kú sínú omi, nítorí pé ikú rẹ̀ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ju bí bàbá mi tó wà láàyè ṣe lè ran èmi lọ́wọ́. Ọkàn tí mo gbé wá sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi. Mo jó. Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin kò mọ nǹkan kan.

Ta ni wọ́n ní kó kọ ìwé ìdágbére? Tísà náà ni! Mo kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ dáadáa, kí gbogbo ayé lè rí i pé èmi tí wọn ò mú ni mo mọ̀wé jù. Mo dúró ní èbúté, mo kà á, àwọn obìnrin ń sunkún, wọ́n ń sọ pé, "Háà, ẹ wo ọ̀rẹ́ tòótọ́!" Ọkọ̀ tò tẹ̀ léra wọn títí dé Ìgbókòdá. Orí itan mi ni àpótí Bọ̀dé wà. Kó tó gun lọ́rì, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ́wọlé, ìwọ ni mo fi ìyá mi sílẹ̀ fún. Tí mo bá kọ létà, ìwọ ni kó o máa kà á fún un." Mo ní, "Má ṣèyọnu."

Olúwa, ṣàánú fún mi. Ẹ bá mi sọ ọ́: Olúwa, ṣàánú!

Ẹ mọ bí a ṣe ń ka létà lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ni létà á tẹ́ ẹní sórí pákó níwájú ilé, àwọn ará ilé òdìkejì á wa ọkọ̀ wọn sún mọ́ tòsí, wọ́n á so ó mọ́ òpó ilé, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀ máa gbọ́. Tí a bá kà á tán, a kì í fi sínú àpótí, nítorí ọ̀rinrin á jẹ ẹ́. Orí àjà ìdáná là ń fi sí, kí èéfín tí a fi ń yan ẹja lè máa mú un gbẹ. Kò sí ìwé pàtàkì kan nílùú yìí tí kì í rùn bí edé. Ìwé oyè tèmi náà ń rùn bẹ́ẹ̀.

Létà àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú fọ́tò. Bọ̀dé wọ kóòtù! Kóòtù tó gùn dé orúnkún, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Ìyá rẹ̀ gbá fọ́tò náà mọ́ àyà, ó fi han gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Èmi ń ka létà lọ. Ó kọ̀wé nípa yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú. Ó kọ̀wé nípa ilé tí ayaba ń gbé. Mo fo yìnyín. Mo fo ayaba. Mo ní, "Ó ní ibẹ̀ tutù díẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Létà kejì dé, mo gé e kù. Ti kẹta dé, mo tún gé e kù. Ibi tí Bọ̀dé bá ti fi ojú ìwé odidi sọ bí àárò ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, pé òun ń rí i lójú àlá níbi tó ti ń to ẹja sórí pẹpẹ, èmi á ní, "Ó kí yín, Ìyá." Tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bá sì béèrè pé, "Ṣé kò kí àwa ni?" màá ní kò kí wọn. Ó kí wọn! Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan! Ìyá Sẹ̀mí, ó kí yín ní gbogbo ìgbà. Èmi ló gbé ìkíni yín mì. Ẹ dárí jì mí.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń parí lọ, létà kan dé tó nípọn. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo ka èkínní. Mo yọ èkejì, mo kọ́kọ́ fi ojú sáré wò ó kí n tó la ẹnu. Mo rí i tí Bọ̀dé ń sọ pé kí ìyá òun wá ẹni tó ń bá ọkọ̀ òkun bọ̀, kó fi ẹja gbígbẹ àti edé rán an sí òun. Ará mi, inú mi ru! Mo ní nínú ọkàn mi pé, "Ìwọ yìí! O wà ní Lọ́ńdọ̀nù, o ń jẹ bọ́tà, o ń wọ kóòtù, edé tiwa náà lo tún fẹ́ gbà mọ́ wa lọ́wọ́?" Mo ká létà náà padà. Mo ní, "Ìyá, ó kí yín. Ara rẹ̀ le. Ó tán."

Ìyá Bọ̀dé wò mí. Ó ní, "Ó tán?"

Mo ní, "Ó tán, Ìyá."

Ó gba létà náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sórí àjà. Ojú ìwé kejì, n ò kà á tán. Ẹ̀kẹta, n ò tilẹ̀ ṣí i wò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ pé èmi náà gbọ́dọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo wa ọkọ̀ dé Ìgbókòdá, mo wọ lọ́rì dé Òkìtìpupa, mo lọ bá òyìnbó tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní, "Tísà, ìrànwọ́ ìjọba ti tán fún ọdún yìí. Tó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ló máa sanwó, Lọ́ńdọ̀nù ju agbára olùkọ́ lọ. Ṣé o ti ro Sàró? Ṣé o ti ro ilẹ̀ Írẹ́lándì? Àwọn kan ti ń lọ sí Íńdíà báyìí. Ilé ìwé ibẹ̀ kò wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni."

Mo ní, "Lọ́ńdọ̀nù ni, sà."

Ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù?"

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ fún òyìnbó pé nítorí pé ibẹ̀ ni Bọ̀dé wà? Mo ní, "Ibẹ̀ dára ni, sà."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò mí. Ó ní, "Padà wá nígbà tí o bá yan ilẹ̀ tí apá rẹ ká."

Mo bínú délé. Íńdíà! Ilẹ̀ tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju aṣọ tí wọ́n ń hun lọ! Kí wọ́n bi ìyàwó mi léèrè ọkọ rẹ̀ ní Ìgbókòdá, kó máa sọ pé Íńdíà, kí Ìyá Bọ̀dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa sọ pé Lọ́ńdọ̀nù? Kí wọ́n sì fi mí wé e? Mo rojọ́ títí. Mojí ń tú àwọ̀n lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ṣé ilé ìwé lẹ fẹ́ lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ Bọ̀dé?"

Mo pariwo mọ́ ọn. Ẹni tó bá sọ òótọ́ fún mi nígbà náà, ariwo ni mo máa fi san án. Nínú ìbínú yẹn ni mo ní màá ta ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ńlá tó fi ń kó edé lọ sí ọjà Ìgbókòdá, èyí tí gbogbo wa ń jẹ lára rẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe ẹni tó fẹ́ rà á ní Ode Mahin. Mojí ní, "Ẹ tà á. Ẹ̀yin lẹ ó máa gbé edé sórí, ẹ ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sọ́jà." Lẹ́yìn náà ló wọ inú ilé, mo gbọ́ tó ń sunkún. N ò wọlé tọ̀ ọ́.

Ara mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Inú rírun ni ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin Alàgbà, ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ fi omi ìyàsímímọ́ wẹ̀ mí. Ẹ ní kí n wo ọkàn mi. Mo ní ọkàn mi mọ́! Mo lọ rí dókítà. Ó tẹ ikùn mi síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́ níbí?" Mo ní rárá. "Níbí ńkọ́?" Rárá. Ó ní, "Ìgbà wo ló máa ń dùn ọ́ gan-an?" Mo rò ó. Mo ní, "Tí mo bá rántí létà, sà."

Dókítà gbé ọwọ́ kúrò níkùn mi. Ó ní, "Létà ta ni?"

Mo ní, "Ti ọ̀rẹ́ mi ni."

Ó ní, "Wọ aṣọ rẹ, máa lọ sílé. Oògùn rẹ kò sí lọ́dọ̀ wa níbí."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rín in. Èmi náà ti rín in.

Láàárín ìgbà yẹn, ìgbìmọ̀ kọ̀wé pé ẹni tí kò bá tíì wọ ilé ìwé ní òkèèrè nígbà tí ọdún tuntun bá bẹ̀rẹ̀, kó má retí ipò ọ̀gá mọ́. Mo ka ìwé náà, mo rí i pé ó ti parí fún mi. Bọ̀dé ló máa jẹ́ ọ̀gá. Èmi á máa pe ẹni tó ń ṣe ipò kẹta ní sà títí màá fi darúgbó.

Ó ku ọ̀la tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ máa dé. Mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, mo jókòó sórí pákó. Mo rí Ìyá Bọ̀dé tó ń wa ọkọ̀ bọ̀, òun nìkan. Ó so ó mọ́ òpó, ó gun òkè wá, ìdì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní, "Tísà, ọma mi, ghá ka létà fún mi."

Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í run. Mo ní, "Létà tún dé ni, Ìyá?"

Ó ní, "Kò dé. Oṣù mẹ́fà rèé tí kò dé. Èyí àtijọ́ ni kó o kà. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi ni."

Ó tú ìdì náà. Gbogbo létà Bọ̀dé nìyẹn, èéfín ti pa wọ́n láró bí ẹja yíyan. Ó yọ èyí tó nípọn láàárín wọn, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, mo ti ka èyí fún yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́. Ó jókòó. Ó ní, "Tísà, n ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń to ẹja sórí pẹpẹ. Mo mọ iye tí mo tò, mo sì mọ iye tí wọ́n kó kalẹ̀ fún mi. Ìwé mẹ́ta ni ọmọ mi kọ. Ẹyọ kan lo kà. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ búburú ló wà nínú méjì tó kù, pé ọmọ dáadáa ni ọ́, o ò fẹ́ kí àyà mi já. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti fara dà á tó. Tí ọmọ mi bá ti kú, Tísà, sọ fún mi."

Ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin ará mi! Àánú ló pè é! Ìwà ìkà mi, àánú ló pè é! Oṣù mẹ́fà ni obìnrin yìí fi ń to ẹja, tó ń gbójú sókè wo àjà, tó rò pé ikú ọmọ òun wà lórí rẹ̀!

Mo ṣí ojú ìwé kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Bọ̀dé ní owó tí ìlú fún òun ti tán kí òun tó dé ìdajì ẹ̀kọ́. Ó ní ilé oúnjẹ kan ni òun ti ń fọ abọ́. Ó ní kóòtù inú fọ́tò yẹn, ti oníyàwòrán ni, kí ìyá òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kóòtù tí mo fi ọdún kan jowú rẹ̀! Ó ní ebi ń pa òun, oúnjẹ ibẹ̀ kò lọ lọ́fun òun, bí òun bá rí ẹja ilé díẹ̀ jẹ, ara òun á le.

Mo ṣí ẹ̀kẹta. Orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ rí. "Ọmọ́wọlé, tìrẹ rèé, kà á sókè kí ìyá mi náà gbọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ń fẹ́ oyè kejì, ṣùgbọ́n má wá sí Lọ́ńdọ̀nù o. Apá wa kò ká a. Ará Íńdíà kan wà tí a jọ ń fọ abọ́. Ó sọ fún mi nípa ilé ìwé gíga kan nílùú wọn, etí òkun ni wọ́n wà bíi tiwa, owó ibẹ̀ kò ju èyí tí olùkọ́ lè san lọ. Ìyá rẹ̀ máa fún ọ ní yàrá láìgba nǹkan kan. Mo ti kọ̀wé sí wọn nítorí tìrẹ. Mo sọ fún wọn pé ìwọ lo máa ń ṣe ipò kìíní láàárín wa. Wọ́n ní kó o fi ìwé oyè rẹ ránṣẹ́ kíákíá. Bí mo bá rí owó ọkọ̀, èmi náà á tẹ̀ lé ọ." Àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà kó má baà ṣòro kà.

Ìwọ lo máa ń ṣe ipò kìíní. Bọ̀dé, tí ebi ń pa, ló kọ ìyẹn sí mi. Ọ̀nà tí mo ń sunkún wá lọ́dọ̀ òyìnbó, lọ́dọ̀ dókítà, lọ́dọ̀ àwọn Alàgbà, orí àjà Ìyá Bọ̀dé ló wà fún oṣù mẹ́fà. Èmi fúnra mi ni mo ká a, tí mo ní ó tán.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe àánú. Owú ni."

Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo. Ó kọjú sí omi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ebi ń pa ọmọ mi." Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní, "Ẹja la ó kọ́kọ́ dì. Tó bá di ọ̀la, kó o kọ tìrẹ."

Èmi àti Mojí bá a di ẹja lọ́jọ́ náà, a ò lè lé e bá lẹ́nu iṣẹ́, òun náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀. A rí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ó gbé e dé ọwọ́ Bọ̀dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ìyá Bọ̀dé tó tún pè mí ní ọma mi. Mo ka iye ọjọ́ rẹ̀. Ọlọ́run, mo dúpẹ́ fún ọjọ́ tó tún pè mí bẹ́ẹ̀!

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ dé, mo bẹ̀ ẹ́, ó bínú lọ. Mojí lọ gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kọrin. Mo fi ìwé oyè mi tó ń rùn bí edé ránṣẹ́ sí Íńdíà. Èsì dé! Ẹ yin Olúwa! Wọ́n ní àwọn ti ń retí mi tipẹ́, pé ọ̀rẹ́ mi ti kọ̀wé sí àwọn lẹ́ẹ̀mejì, kí ló fà á tí mo fi pẹ́? Mo gbé e dé Òkìtìpupa, mo ní, "Sà, mo ti yan ilẹ̀ tí apá mi ká." Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó bá mi kọ ìwé ìrìnnà lọ́jọ́ náà. Owó oṣù tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà àpọ́n mi tó owó ọkọ̀. A kò ta nǹkan kan! Kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀, mo ti wọlé. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Mo dé ilé ìyá ọmọ Íńdíà yẹn, ẹja ló ń sá sóòrùn níwájú ilé rẹ̀. N ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n a mọ ẹja. Tí létà ọmọ rẹ̀ bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, aládùúgbò kan ló ń kà á fún un. Mo máa ń jókòó tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò yé mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń wo iye ìgbà tí ọkùnrin náà yí ìwé.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bọ̀dé fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ó wá bá mi, a jọ wà nínú yàrá kan. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Mo rò pé ìyá mi ti gbàgbé mi ni." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ní ọjọ́ kejì, ó bu oúnjẹ fún mi. A parí ẹ̀kọ́. Èsì jáde. Bọ̀dé ṣe ipò kìíní. Ọmọbìnrin Íńdíà kan ṣe ipò kejì. Èmi ṣe ipò kẹta. Ẹ rín in dáadáa, Mojí náà ń rín in lọ́hùn-ún.

Ó kù díẹ̀ kí n jókòó. Bọ̀dé dúró de ọkọ̀ òkun mìíràn, oṣù tó ń bọ̀ ló máa dé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, akọ̀wé ìgbìmọ̀ fi létà kan lé mi lọ́wọ́. Bọ̀dé ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n ní kí n kà á fún ìyá rẹ̀. Wọn ò lẹ̀ ẹ́. Mo ti kà á ní èmi nìkan. Láti Ọjọ́bọ̀ ni inú ti tún ń run mí. Lánàá, Mojí gbé oúnjẹ mi tí n ò jẹ kúrò, ó ní, "Létà ta ló tún dé?"

Òun rèé. Ìyá Bọ̀dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Ẹ wá síbí. Ẹ máa wo ọwọ́ mi.

Ojú ìwé kìíní: wọ́n kí Bọ̀dé, wọ́n kí ẹ̀yin ìyá rẹ̀, wọ́n ní ilé ìwé gíráámà máa ṣílẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Mo yí i. Ẹ rí i pé mo yí i? Ojú ìwé kejì: wọ́n ní àwọn fi ọmọ yín Bọ̀dé ṣe ọ̀gá ilé ìwé náà. Ọmọ́wọlé ni igbákejì rẹ̀.

Ẹ ké e! Ẹ ké Halelúyà fún Ìyá Bọ̀dé! Ẹ máa jó, Ìyá, ẹ máa jó! Ó ń ta mí níkùn, n ò ní parọ́ fún yín. Bí mo ṣe dúró yìí, ó ń ta mí. Ṣùgbọ́n mo kà á dé òpin, Olúwa ló sì fún mi ní ẹnu tí mo fi kà á. Ìdáǹdè mi nìyẹn.

Ìwọ tó jókòó síbẹ̀ tí ire ẹnìkejì rẹ ń run ọ́ nínú, tó jẹ́ pé ọ̀nà rẹ ti dí, tí o ti wá a dé Òkìtìpupa tí o kò rí i: lọ wo ohun tí o ká tí o kò kà tán. Lọ jíṣẹ́ tí wọ́n rán ọ. Ó lè jẹ́ pé orúkọ tìrẹ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ọlọ́run tó dúró dè mí lórí àjà fún oṣù mẹ́fà kò ní rẹ̀ ẹ́ láti dúró de ìwọ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mojí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dé, kí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ìyá, ó tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tán lóòótọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ojú ìwé méjì ni, ẹ kà á kó pé. Ẹ gbé e lọ sórí àjà.